Oyún Kan, Òfin Méjì: Ìtàn Àríyànjiyàn lórí Ìṣẹ́yún láti Jos dé Ilé-Ifẹ̀

Ìfáárà

Nasarawa Gwong ní ìlú Jos ni mo ń gbé, níbi tí ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ti ń fi èdè méjì dàgbà. Nílé, lẹ́nu ìyá rẹ̀, ọmọ yóò gbọ́ pé ẹnì kan "ṣẹ́ oyún". Bó bá bọ́ sí òde láàárín àwọn tó ń sọ Hausa, "zubar da ciki" ni yóò gbọ́. Yorùbá rí ọ̀rọ̀ náà bí ẹ̀ka tí a ṣẹ́ lára igi. Hausa rí i bí ohun inú tí a dà nù. Nínú èdè méjèèjì, ẹnì kan ló mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é. Oyún tó wálẹ̀ tàbí tó bàjẹ́ fúnra rẹ̀ ní orúkọ tirẹ̀ lọ́tọ̀.

Bí èdè ṣe jẹ́ méjì náà ni òfin jẹ́ méjì. Obìnrin tó ṣẹ́ oyún ní Jos àti èyí tó ṣẹ́ oyún ní Ilé-Ifẹ̀ kò sí lábẹ́ ìwé òfin kan náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Nàìjíríà kan ṣoṣo ni wọ́n wà. Iṣẹ́ yìí ń tọ ipasẹ̀ bí èyí ṣe ṣẹlẹ̀, àti bí àríyànjiyàn ọjọ́ pípẹ́ ṣe ń yí po lórí gbólóhùn kékeré kan: láti gba ẹ̀mí ìyá là.

Ohun tó sún mi dé ìdí rẹ̀ kò ju ìbéèrè kan lọ. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan dìde ní kíláàsì mi, ó ní, "Sà, bí dókítà bá ṣẹ́ oyún torí kí ìyá má baà kú, ṣé ẹ̀wọ̀n ni dókítà náà ń lọ?" Àwọn kan ní bẹ́ẹ̀ ni. Àwọn kan ní òfin Ṣàríà nìkan ló kà á léèwọ̀, pé kò kan Ìpínlẹ̀ Plateau. Ẹnì kan tilẹ̀ ní ìjọba ti fọwọ́ sí i, pé òun kà á lórí fóònù. Èmi tí mo ń kọ́ wọn ní ìtàn kò rí èsì tó múná dóko fún un lọ́jọ́ náà. Àwọn ọmọ tí a ń kọ́ láti di olùkọ́ nìyí; àwọn ni ọmọbìnrin ilé ìwé gírámà yóò kọ́kọ́ sá bá bí ọ̀ràn bá dé.

Bí òfin méjì ṣe wọ ilé kan

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló gbà pé òfin Gúúsù ti Èkó wá, pé ti Àríwá sì ti inú ẹ̀sìn wá. Ìtàn kò rí bẹ́ẹ̀. Ní England, òfin ọdún 1861 lórí ìwà ọ̀daràn sí ara ènìyàn ló sọ ìṣẹ́yún di ẹ̀ṣẹ̀ tó lè gbé ènìyàn lọ sí ẹ̀wọ̀n gbére. Nígbà tí Samuel Griffith kọ ìwé òfin ọ̀daràn fún Queensland ní Australia, èyí tí wọ́n fọwọ́ sí ní 1899, ọ̀rọ̀ náà wà nínú rẹ̀. Ìwé Queensland yìí ni Lugard gbé wọ Àríwá Nàìjíríà ní 1904. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fetí sí èyí: Àríwá ló kọ́kọ́ dé. Ọdún 1916 ni wọ́n tó nà án dé gbogbo Nàìjíríà, tí Ilé-Ifẹ̀ náà fi bọ́ sábẹ́ rẹ̀. Òun ni àwọn amòfin ń pè ní Criminal Code.

Nígbà náà, Jos ń di ìlú ńlá. Kùsà ló fà á, ọkọ̀ ojú irin sì tẹ̀ lé e. Àwọn oníṣòwò Yorùbá, àwọn ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ nínú wọn, gòkè wá. Láti 1916 títí di òmìnira, ìwé Griffith yìí kan náà ló wà nílẹ̀ ní Jos àti ní ilé tí wọ́n ti kúrò.

Ìyàtọ̀ dé nígbà tí òmìnira kù sí dẹ̀dẹ̀. Ní 1958, ìjọba Àríwá yan ìgbìmọ̀ kan láti tún òfin agbègbè náà gbé yẹ̀ wò; adájọ́ àgbà Sudan, Abu Rannat, ló ṣe alága. Wọ́n dábàá pé kí Àríwá gba ìwé òfin ìjìyà tí a gbé ka ti Sudan. Ti Sudan náà, láti India ló ti wá, inú ìwé òfin tí Macaulay bẹ̀rẹ̀, tó di òfin ní 1860. Ìwé tuntun yìí, Penal Code, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Àríwá ní 1960. Báyìí ni Jos ṣe bọ́ kúrò lábẹ́ Queensland tó bọ́ sábẹ́ India, tí Ifẹ̀ sì jókòó síbi tó wà. Kò sí ẹni tó bi ìyá ọlọ́jà kankan ní Terminus ìdí tó fi rí bẹ́ẹ̀.

Kí ni ìwé méjèèjì wá sọ? Ti Gúúsù, ní abala 228, fi ẹ̀wọ̀n ọdún 14 de ẹni tó bá fún obìnrin ní nǹkan tàbí tó lo ohunkóhun láti mú oyún bọ́, ìbáà jẹ́ pé oyún wà níkùn rẹ̀ tàbí kò sí. Abala 229 fi ọdún 7 de obìnrin fúnra rẹ̀. Abala 230 fi ọdún 3 de ẹni tó ta nǹkan fún un tó sì mọ ohun tí ó fẹ́ fi ṣe. Kí àwọn oníkẹ́míìsì ṣọ́ra. Ṣùgbọ́n abala 297 yọ ẹni tó ṣe iṣẹ́ abẹ pẹ̀lú ọkàn òtítọ́ àti ìmọ̀ṣẹ́ láti dáàbò bo ẹ̀mí ìyá. Ti Àríwá, ní abala 232, sọ pé ẹni tó bá mọ̀ọ́mọ̀ mú kí oyún obìnrin bọ́, àfi bó bá jẹ́ pẹ̀lú ọkàn òtítọ́ láti gba ẹ̀mí obìnrin náà là, lè lọ sẹ́wọ̀n tó ọdún 14, tàbí kó san owó ìtanràn, tàbí méjèèjì. Oyún gbọ́dọ̀ wà níkùn kí ẹ̀ṣẹ̀ yìí tó dúró. Àyè owó ìtanràn sì wà níbẹ̀, èyí tí Gúúsù kò kọ sílẹ̀.

Èsì tó yẹ kí n fún ọmọ yẹn nìyí: rárá, bó bá jẹ́ pé nítorí ẹ̀mí ìyá ni, òfin méjèèjì yọ ọ́. Níbi tí ẹ̀mí parí sí ni ìjà wà.

Kí ni à ń pè ní ẹ̀mí?

Ní London, ní 1938, dókítà kan tó ń jẹ́ Aleck Bourne ṣẹ́ oyún ọmọbìnrin ọdún 14 kan tí àwọn sójà fipá bá lò pọ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló fi tó àwọn ọlọ́pàá létí. Adájọ́ Macnaghten sọ fún ìgbìmọ̀ ìdájọ́ pé bí dókítà bá gbà tọkàntọkàn pé oyún náà yóò sọ ọmọbìnrin yìí di ẹni tí ara tàbí ọpọlọ rẹ̀ bàjẹ́ pátápátá, a lè sọ pé ẹ̀mí rẹ̀ ni ó ń gbà là. Wọ́n dá Bourne sílẹ̀. Ní ọdún yẹn kan náà, Ilé Ẹjọ́ Kòtẹ́milọ́rùn ti Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà tẹ̀ lé ọ̀nà yìí nínú ẹjọ́ Edgal tó wá láti Nàìjíríà. Láti ìgbà náà ni àwọn onímọ̀ òfin ti ń kọ́ni pé ní Gúúsù, ẹ̀mí lè gba ìlera ara àti ti ọpọlọ mọ́ra. Ní Àríwá, tí ìwé rẹ̀ kò tọ ọ̀nà kan náà wá, ikú nìkan ni wọ́n ka ọ̀rọ̀ náà sí.

Yorùbá kì í pín in tó bẹ́ẹ̀. Bí a bá ní ẹ̀mí ẹnì kan wà nínú ewu, a lè máa sọ ti èémí rẹ̀, a sì lè máa sọ ti ayé rẹ̀ látòkè délẹ̀. Mo rò pé ibi tí èdè wa ti lè kún òfin lọ́wọ́ nìyí, ṣùgbọ́n a kò tíì pè é wá jẹ́rìí ní kóòtù.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lábẹ́ òfin méjèèjì

Ní 1999, Friday Okonofua àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìwádìí kan jáde tí wọ́n ṣe láàárín obìnrin 1,516 ní ìlú méjì. Ìlú méjì náà ni Jos àti Ilé-Ifẹ̀. Nígbà tí mo kọ́kọ́ rí i, ńṣe ni mo rẹ́rìn-ín. Ó dà bí ìgbà tí ẹnì kan mọ̀ pé mo ń wá a. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdá 20 nínú 100 àwọn obìnrin náà tó jẹ́wọ́ pé àwọn ti lóyún tí àwọn kò fẹ́ rí. Nínú àwọn wọ̀nyí, ìdá 58 ti ṣẹ́ ẹ, ìdá 32 gbé e dé ìbímọ, ìdá 9 gbìyànjú láti ṣẹ́ ẹ, kò bọ́. Ìlú kan lábẹ́ Griffith, ìkejì lábẹ́ Macaulay, obìnrin sì wà ní ìlú méjèèjì tí kò dúró gbọ́ ohun tí ìwé sọ.

Ní gbogbo orílẹ̀-èdè, àwọn olùwádìí fojú bù ú pé ìṣẹ́yún tó 610,000 wáyé ní 1996. Ní 2012, wọ́n fojú bù ú sí 1,250,000. Ní 2012 yẹn, obìnrin bíi 212,000 ni wọ́n tọ́jú nílé ìwòsàn nítorí ìpalára tó tẹ̀yìn rẹ̀ wá. Àwọn tí kò dé ilé ìwòsàn pọ̀ ju ìyẹn lọ.

Kí a má ṣe rò pé òfin nìkan ló ń kọ̀ ọ́. Nínú ìdílé Yorùbá, ọmọ laṣọ. Ìyá mi máa ń kìlọ̀ fún wa pé ẹni tó ṣẹ́ oyún kan kò mọ̀ bóyá òun nìkan ni Ọlọ́run kọ mọ́ ọn. Elisha Renne, tó ṣe ìwádìí láàárín àwọn Èkìtì, rí i pé ìṣẹ́yún wọ́pọ̀ níbẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n ka ọmọ sí púpọ̀. Ní ti ẹ̀sìn, ìjọ Kátólíìkì kọ̀ ọ́ láti ìgbà tí oyún ti dúró. Mẹ̀síhábù Màlíkì, tí Mùsùlùmí Nàìjíríà ń tẹ̀ lé jù, wà lára àwọn tó le jù lórí rẹ̀. Àwọn kan nínú Hánáfì fàyè gbà á kó tó pé ọjọ́ 120. Ẹni tó bá ń pe gbogbo àwọn wọ̀nyí ní aláìmọ̀kan kò tíì jókòó ti ìyá tó ń sunkún ọmọ.

Ọdún 1981, ọdún 2022

Lẹ́yìn tí England yí òfin rẹ̀ padà ní 1967, ọ̀rọ̀ náà kò ní agbára mọ́ lórí wa. A ti gba òmìnira, ti 1861 la sì mú dání. Ní 1981, nígbà Ìjọba Alágbádá Kejì, ẹgbẹ́ àwọn dókítà obìnrin àti ìgbẹ̀bí ti Nàìjíríà ti àbádòfin kan lẹ́yìn ní Ilé Aṣojú-ṣòfin, èyí tí yóò jẹ́ kí ìṣẹ́yún ṣeé ṣe bí dókítà méjì bá fọwọ́ sí i. Ó ṣubú. Àwọn aṣáájú ẹ̀sìn kọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n èyí tó ya ọ̀pọ̀ lẹ́nu ni pé àjọ àwọn ẹgbẹ́ obìnrin ní Nàìjíríà náà kọ̀ ọ́; wọ́n ní yóò ṣílẹ̀kùn ìṣekúṣe. Àwọn akọ̀wé kan ti fi wọ́n ṣe ẹlẹ́yà nítorí èyí. Èmi kò ní ṣe bẹ́ẹ̀. Ìbẹ̀rù kan wà tí mo mọ̀ lára àwọn ìyá wa: pé ọkùnrin tó fún ọmọbìnrin lóyún yóò kàn sanwó ilé ìwòsàn, ọ̀rọ̀ á parí, kò ní sí ìdílé tí yóò pè é jókòó mọ́. Àwọn tó kọ àbádòfin náà kò dá ìbẹ̀rù yẹn lóhùn.

Olikoye Ransome-Kuti tún gbé ọ̀rọ̀ náà dìde nígbà tó jẹ́ mínísítà ìlera, òfin kò yí. Nàìjíríà fọwọ́ sí Àdéhùn Maputo ní 2004, èyí tó fàyè gba ìṣẹ́yún fún ẹni tí wọ́n fipá bá lò pọ̀ àti fún ìlera ìyá. Ṣùgbọ́n abala 12 nínú ìwé òfin ilẹ̀ wa sọ pé àdéhùn kò di òfin títí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin yóò fi sọ ọ́ di òfin. Ìpínlẹ̀ Imo ṣe òfin kan tó fàyè gba díẹ̀ nínú rẹ̀ ní 2012, wọ́n sì fagi lé e ní 2013.

Ti Èkó ló kọ́ mi lọ́gbọ́n jù. Ìwé òfin ọ̀daràn Èkó ti 2011 ti fi ìlera ara ìyá kún ẹ̀mí rẹ̀. Ní òpin oṣù Òkúdu 2022, iléeṣẹ́ ìlera ìpínlẹ̀ náà gbé ìlànà kan jáde tó ṣàlàyé fún dókítà àti nọ́ọ̀sì ohun tí òfin yìí gbà wọ́n láàyè láti ṣe. Kì í ṣe òfin tuntun. Àlàyé lásán ni. Ariwo ta láti ọ̀dọ̀ àwọn aṣáájú ẹ̀sìn. Kò tó ọ̀sẹ̀ méjì tí ìjọba fi dá ìlànà náà dúró, wọ́n ní àwọn fẹ́ gbọ́ ohùn àwọn tọ́rọ̀ kàn. Òfin wà níbẹ̀ síbẹ̀. Àlàyé rẹ̀ ni wọ́n kó wọlé. Ẹni tó bá lòdì sí òfin náà ní ẹ̀tọ́ láti ní kí wọ́n yí i padà, èmi náà yóò sì bá a jà fún ẹ̀tọ́ yẹn. Ṣùgbọ́n kí òfin máa bẹ kí nọ́ọ̀sì má mọ̀ ọ́n, èmi kò rí ẹni tí ìyẹn ṣe láǹfààní, yálà lọ́dọ̀ àwọn tó fẹ́ tàbí àwọn tó kọ̀.

Ní Jos, abala 232 ni mo mú lọ sí kíláàsì nígbà tí mo padà sí ìbéèrè ọmọ yẹn. Mo túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá, akẹ́kọ̀ọ́ kan bá mi túmọ̀ rẹ̀ sí Hausa, òmíràn sí èdè Berom. A jiyàn fún wákàtí kan gbáko lórí bí a ṣe fẹ́ sọ "ọkàn òtítọ́" ní èdè mẹ́ta. Nígbà tó kù díẹ̀ kí aago lù, ọmọbìnrin náà tún dìde. Ó ní òun ti gbọ́ pé ó dára bó bá jẹ́ láti gba ẹ̀mí ìyá là, ṣùgbọ́n ta ni yóò sọ pé ẹ̀mí náà wà nínú ewu: dókítà ni, ọkọ ni, tàbí ìyá fúnra rẹ̀? Mo tún abala náà kà láti òkè dé ìsàlẹ̀, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, kí gbogbo wọn gbọ́. Kò dárúkọ dókítà. Kò dárúkọ ọkọ. Kò dárúkọ ẹnikẹ́ni.