Títẹ Èdè Yorùbá: Láti Orí Taipuráítà dé Orí Kọ̀ǹpútà

Ọ̀rọ̀ pọ̀ nílẹ̀ lórí bí a ṣe ń kọ Yorùbá. Ìpàdé tí ìjọ C.M.S. pè ní Èkó ní 1875 jókòó lé e lórí, ìgbìmọ̀ ti 1966 àti àbọ̀ ti 1974 sì tún un yẹ̀ wò. Ìyà tí ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́ ń jẹ ni a kì í sábà mẹ́nu bà.

Ilé ìtẹ̀wé lè ṣe òjé fún lẹ́tà tí ó bá wù ú. Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe tẹ ìwé gírámà àti atúmọ̀ èdè tí T. J. Bowen, ẹni tó dé Ògbómọ̀ṣọ́ ní 1855, ṣe jáde ní Amẹ́ríkà ní 1858. Taipuráítà kò rí bẹ́ẹ̀: iye bọ́tìnnì tó bá gbé wáyé náà ni. Bí akọ̀wé bá tẹ e, yóò dá ẹ̀rọ padà sẹ́yìn, yóò yí bébà sókè díẹ̀, kí ó tó tẹ àmì ìdánudúró sí i nídìí. Bíró ni a fi ń fi àmì ohùn sí i, bí ó bá rẹ olúwarẹ̀, ó parí. Nígbà tí mo wà ní ilé-ìwé girama, a gbé ìbéèrè kan fún wa nínú ìdánwò pé kí a fi ìyàtọ̀ hàn láàárín ‘igba, igba, igba àti igba’. (Ẹni tó bá gba máàkì níbẹ̀, Ọlọ́run ló fún un.)

Kọ̀ǹpútà dé, a rò pé ìyà tán. Àwọn kan ṣe fọ́ǹtì tí ó ya ẹ sórí ipò àmì mìíràn. Ní Ọ̀yọ́, mo há a sórí pé bí mo bá tẹ àkámọ́, ẹ ni yóò jáde. Ojú lásán ni. Nínú ẹ̀rọ, àkámọ́ ṣì ni àkámọ́. Ìgbà tí mo gbé dískẹ́ẹ̀tì mi dé Ògbómọ̀ṣọ́, níbi tí fọ́ǹtì náà kò sí, ni mo tó mọ̀: àkámọ́ kún inú ọ̀rọ̀ fọ́fọ́. Ohun kan náà ló ṣe àwọn ará Íńdíà tó ń fi Kruti Dev tẹ Hindi bí ẹni tẹ taipuráítà Remington: bí fọ́ǹtì kò bá sí, ábídí Gẹ̀ẹ́sì tí kò nítumọ̀ ni wọn yóò rí.

Unicode, tó jáde ní 1991, ló fún lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀. Ẹ àti ọ ríbi jókòó, nítorí àwọn ará Vietnam náà ń lò wọ́n. Ẹ́ àti ọ̀ kò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo. Lẹ́yìn lẹ́tà ni àmì ohùn ń tẹ̀ lé e, ìdí rẹ̀ nìyẹn tí àmì fi ń yẹ̀ nínú fọ́ǹtì mìíràn.

Ìbéèrè ìdánwò tí mo fi fọ́ǹtì àtijọ́ yẹn tẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ mi. Mo ń tún wọn tẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Níbi tí àkámọ́ bá ti jẹ́ àkámọ́ ní tòótọ́, ojú ni mo fi ń dá a mọ̀.