Láti Orí Marmon-Herrington dé Rooikat: Bí Ọkọ̀ Ogun Gúúsù Áfíríkà Ṣe Wọ Inú Géèmù

Nígbà tí Ogun Àgbáyé Kejì bẹ́ sílẹ̀ ní ọdún 1939, ọkọ̀ ogun tó wà lọ́wọ́ Gúúsù Áfíríkà kò tó nǹkan, Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ì bá sì tà fún un kò ní èyí tó tó òun fúnra rẹ̀. Wọ́n wá kó férémù ọkọ̀ ẹrù Ford láti Kánádà, wọ́n ra ẹ̀rọ tó ń mú kí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin máa fa ọkọ̀ lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ Marmon-Herrington ní Amẹ́ríkà, ilé-iṣẹ́ ISCOR tiwọn sì rọ irin tí wọ́n fi bò ó. Orúkọ ilé-iṣẹ́ Amẹ́ríkà yẹn ló mọ́ ọkọ̀ náà lára. Ó lé ní 5,000 tí wọ́n ṣe kí ogun tó parí, láti ọdún 1941 ni wọ́n sì ti ń fi í jà nínú aṣálẹ̀ Àríwá Áfíríkà. Nǹkan méjì ni ọkọ̀ yìí fi lélẹ̀ fún àwọn tó tẹ̀lé e: orí táyà ló ń rìn, kì í ṣe orí ṣéènì; ohun tó sì wá láti òkèèrè ni wọ́n tò pọ̀ tó fi di ti ilé.

Ogun parí, iṣẹ́ náà sì rọlẹ̀. Láàárín àwọn ọdún 1950, ìjọba ra nǹkan bí 200 táńkì Centurion lọ́wọ́ Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ṣùgbọ́n kò rí ọ̀tá tí yóò fi wọ́n bá jà nítòsí, ó sì ta nǹkan bí ìdajì wọn fún Switzerland ní nǹkan bí ọdún 1960.

Ọdún 1960 yẹn gan-an ni ọ̀nà yà. Ní ọjọ́ 21 oṣù kẹta, àwọn ọlọ́pàá yìnbọn pa èèyàn 69 ní Sharpeville, gbogbo ayé sì gbọ́. Ní ọdún 1961, Gúúsù Áfíríkà di orílẹ̀-èdè olómìnira tí kò sí lábẹ́ ọbabìnrin Gẹ̀ẹ́sì mọ́, ó sì jáde kúrò nínú Kọ́mọ́ńwẹ́ẹ̀tì. Ní ọdún 1963, Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé rọ àwọn orílẹ̀-èdè pé kí wọ́n má ta ohun ìjà fún ìjọba ẹlẹ́yàmẹ̀yà náà mọ́. Ní ọdún tó tẹ̀lé e, Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dáwọ́ dúró. Faransé kò dúró. Ìwé àṣẹ láti ṣe ọkọ̀ Panhard AML ti Faransé ni Gúúsù Áfíríkà fi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe Eland, ọkọ̀ kékeré onítáyà mẹ́rin tí àwọn kan lára rẹ̀ ru àgbá 90 mílímítà. Bí ọdún ti ń gorí ọdún, èròjà Faransé ń dín kù nínú rẹ̀, ti ilé ń pọ̀ sí i. Ní ọdún 1968, wọ́n dá Armscor sílẹ̀ láti máa bójú tó ìpèsè ohun ìjà.

Ogun tó máa dán àwọn ọkọ̀ wọ̀nyí wò ti bẹ̀rẹ̀ nígbà náà. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1966, àwọn ajìjàgbara SWAPO, tó ń jà láti gba Nàmíbíà kúrò lọ́wọ́ Gúúsù Áfíríkà, àti ọmọ ogun Gúúsù Áfíríkà kọ́kọ́ kojú ara wọn ní àríwá Nàmíbíà, ìjà náà sì gba ọdún 23. Ohun ìjà tó ń ba àwọn ọmọ ogun lẹ́rù jù níbẹ̀ ni àdó olóró tí wọ́n ń rì mọ́lẹ̀ lójú ọ̀nà tí kò lọ́dà. Ìdáhùn àwọn onímọ̀-ẹ̀rọ wọn ni láti gbé ara ọkọ̀ ga kúrò nílẹ̀, kí wọ́n sì gé abẹ́ rẹ̀ bí lẹ́tà V, kí agbára ìbúgbàù lè pín sọ́tùn-ún sósì dípò kó la àárín ọkọ̀ kọjá. Ìlànà yìí ló bí Buffel àti Casspir. Ọ̀pọ̀ ẹ̀mí ni abẹ́ onígun yẹn gbà là lójú ogun. Casspir kan náà ni àwọn ọlọ́pàá gbé wọ àdúgbò àwọn aláwọ̀ dúdú láàárín àwọn ọdún 1980, àwọn tó sì dàgbà ní Soweto nígbà náà mọ ìró ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kí wọ́n tó rí i.

Ní ọdún 1975, àwọn Eland wọ Àǹgólà, tó bá Nàmíbíà pààlà, wọ́n sì sún lọ sí ìhà Luanda kí ọ̀tá tó ní rọ́kẹ́ẹ̀tì BM-21 tí Sófíẹ́ẹ̀tì ṣe tó dá wọn dúró. Àgbá wọn kò lè jìnnà tó ti ọ̀tá. Kò tíì pé ọdún méjì tí ìjà yẹn parí tí ìfòfindè gidi fi dé. Leslie Harriman, ọmọ Nàìjíríà, ni alága ìgbìmọ̀ tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé gbé dìde lòdì sí ẹlẹ́yàmẹ̀yà nígbà tí Ìgbìmọ̀ Aláàbò gbé Ìpinnu 418 jáde ní ọjọ́ 4 oṣù kọkànlá ọdún 1977, tó sọ ọ́ di dandan fún gbogbo orílẹ̀-èdè láti má ta ohun ìjà fún Pretoria. Faransé náà sì tì í lẹ́yìn.

Ohun tí òfin náà fẹ́ ni kí ọwọ́ ìjọba náà rọ. Ó dín agbára rẹ̀ kù lójú òfurufú lóòótọ́, nítorí ọkọ̀ òfurufú ogun tuntun kò ṣe é rà mọ́. Nílẹ̀, ọ̀nà mìíràn ni ọ̀rọ̀ gbà. Ratel, tí iṣẹ́ rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ṣáájú òfin náà, ní táyà mẹ́fà, ó ń gbé àwọn ọmọ ogun inú rẹ̀ dé ojú ìjà, ó sì lè rin nǹkan bí 1,000 kìlómítà kí epo rẹ̀ tó tán. Ilẹ̀ tó gbòòrò láìsí òpó epo ló fà á. Wọ́n yọ orí Eland, wọ́n gbé e lé Ratel, ó di Ratel 90. Wọ́n kó àwọn Centurion tó ṣẹ́kù jọ, wọ́n ra ògbólógbòó mìíràn kún un níbi tí wọ́n ti lè rí i, wọ́n pààrọ̀ ẹ́ńjìnnì àti àgbá wọn, wọ́n sì sọ wọ́n ní Olifant.

Ní ọjọ́ 3 oṣù kẹwàá ọdún 1987, létí odò Lomba ní gúúsù Àǹgólà, àwọn Ratel 90 kojú táńkì T-55 ti ẹgbẹ́ ọmọ ogun 47 Àǹgólà. Irin ara Ratel kò lè gba ọta táńkì, àgbá rẹ̀ kò sì lè fi ọta kan pa T-55 lójúkojú. Nínú igbó tí ojú kò ti ríran jìnnà, wọ́n ń sáré yí ká, wọ́n sì ń yìnbọn léraléra láti ẹ̀gbẹ́ títí wọ́n fi fọ́ ẹgbẹ́ ọmọ ogun náà. Síbẹ̀, oṣù tó tẹ̀lé e ni wọ́n gbé Olifant wá, nítorí pé àwọn ọ̀gá ogun ti rí ibi tí agbára táyà parí sí. Ní ìlú Cuito Cuanavale ní Àǹgólà, ìjà náà kò ṣí mọ́. Ní oṣù kejìlá ọdún 1988, Gúúsù Áfíríkà, Àǹgólà àti Kúbà, tí ọmọ ogun rẹ̀ ń ran Àǹgólà lọ́wọ́, fọwọ́ sí àdéhùn ní New York, Nàmíbíà sì gba òmìnira ní ọdún 1990.

Ìgbà yẹn gan-an ni Rooikat wọlé: táyà mẹ́jọ, àgbá 76 mílímítà, eré 120 kìlómítà ní wákàtí kan lójú títì. Gbogbo ohun tí ogun kọ́ wọn ló wà nínú rẹ̀, ogun náà sì ti tán. Ní oṣù karùn-ún ọdún 1994, lẹ́yìn ìdìbò tó gbé Nelson Mandela wọlé, Ìgbìmọ̀ Aláàbò gbé ìfòfindè náà kúrò.

Ojú ìjà tó kàn fún àwọn ọkọ̀ yìí kò sí lórí ilẹ̀. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2012, Gaijin Entertainment, ilé-iṣẹ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Moscow, gbé géèmù War Thunder síta fún ìdánwò. Orílẹ̀-èdè márùn-ún ló kọ́kọ́ ní ipò níbẹ̀: Amẹ́ríkà, Jámánì, Sófíẹ́ẹ̀tì, Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Japan. Italy, Faransé, China àti Sweden tẹ̀lé wọn. Bí ààyè ti ń ṣí ni àwọn olùṣeré ń kọ àbá fún orílẹ̀-èdè tuntun. Iṣẹ́ ńlá ni àbá bẹ́ẹ̀: ẹni tó bá gbé e wá ní láti to ọkọ̀ bí àkàbà, láti èyí tó lọ́jọ́ lórí jù dé ti òde òní, kí ó má sí àlàfo láàárín, ó ní láti fi táńkì hàn, ọkọ̀ ayára àti ọkọ̀ tó ń ja ọkọ̀ òfurufú, kí ó sì mú ìwọ̀n irin, àgbá àti eré ọ̀kọ̀ọ̀kan wá. Lórí ilẹ̀, Gúúsù Áfíríkà ní púpọ̀ láti fi hàn. Lójú òfurufú, àlàfo tí Ìpinnu 418 fi sílẹ̀ ṣì wà níbẹ̀.

Ní oṣù kẹta ọdún 2021, nínú àtúnṣe tí wọ́n fi orúkọ ọ̀kọ̀ àwọn Súlù pè, Ixwa Strike, àwọn Eland, Ratel, Rooikat àti Olifant wọ War Thunder. Abẹ́ Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n to wọ́n sí, orílẹ̀-èdè tí Gúúsù Áfíríkà ti kúrò lábẹ́ ọbabìnrin rẹ̀ ní 60 ọdún ṣáájú, tó sì dáwọ́ títa ohun ìjà fún un dúró ní ọdún 1964. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí Israel gba ipò tirẹ̀ gẹ́gẹ́ bí orílẹ̀-èdè. Ní oṣù kejìlá ọdún 2023, ọkọ̀ òfurufú Gripen tí Sweden ṣe, tí ìjọba tiwa-n-tiwa Gúúsù Áfíríkà rà nínú àdéhùn ọdún 1999, dé inú géèmù náà pẹ̀lú àmì àwọn ọmọ ogun òfurufú rẹ̀, abẹ́ Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n sì tún gbé e sí.