Ilẹ̀ Mali nínú Age of Empires IV: Wúrà àti Ọ̀rọ̀ Ẹnu gẹ́gẹ́ bí Orísun Ìtàn

Ìfáárà

Ní ọdún 1997 ni ilé-iṣẹ́ Ensemble Studios ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà ṣe eré orí kọ̀ǹpútà kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Age of Empires, tí Microsoft sì gbé e jáde. Eré ọgbọ́n ogun ni. Kò rí bí ayò ọlọ́pọ́n, níbi tí ẹnì kan ti ń ta kí ẹnì kejì tó ta. Nínú eré yìí, tọ̀tún-tòsì ló ń ṣe tirẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Olúkúlùkù ń kó oúnjẹ, igi, wúrà àti òkúta jọ, ó ń tẹ ìlú dó, ó sì ń gbógun lọ bá ẹlòmíràn. Ẹ̀kẹrin nínú ọ̀wọ́ eré náà, tí Relic Entertainment àti World's Edge ṣe, jáde ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹwàá, ọdún 2021. Ohun tí bébà yìí ń gbé yẹ̀ wò ni irú ìtàn tí ó wọ inú eré náà nígbà tí Mali wọ ibẹ̀.

Bí Áfíríkà ṣe dé inú eré náà

Nínú orílẹ̀-èdè 12 tí ó wà nínú eré àkọ́kọ́, Íjíbítì nìkan ló ti Áfíríkà wá. Nígbà tí ẹ̀kejì jáde ní 1999 pẹ̀lú orílẹ̀-èdè 13, kò sí ìjọba kan láti gúúsù aṣálẹ̀ Sàhárà nínú wọn. Ó di ọdún 2015 kí àfikún tí wọ́n pè ní The African Kingdoms tó mú Mali àti Etiópíà wọlé. Ní 2021, àfikún ẹ̀kẹta, The African Royals, mú Haúsá wọlé. Yorùbá náà wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n gẹ́gẹ́ bí ẹ̀yà tí ẹlòmíràn lè bá mulẹ̀, kì í ṣe ìjọba tí ènìyàn lè tukọ̀ rẹ̀. Ẹ̀kẹrin fi orílẹ̀-èdè 8 bẹ̀rẹ̀. Kò sí Mali níbẹ̀. Ọjọ́ 25 oṣù Kẹwàá, ọdún 2022 ni wọ́n tó fi í kún un.

Wúrà àti àwọn tí ó kọ ìtàn rẹ̀

Wúrà ni òpómúléró Mali nínú eré yìí. Àwọn ará Mali lè kọ́ ilé ìwakùsà sórí ibi tí wúrà wà, kí wúrà sì máa wọlé fúnra rẹ̀. Èyí kì í ṣe irọ́. Mansa Musa gba Káírò kọjá lọ sí Mẹ́kà ní 1324, al-Umari sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé wúrà tí ọba náà ná mú kí iye owó wúrà wálẹ̀ níbẹ̀. Àwòrán ilẹ̀ ayé ti Katalóníà tí wọ́n yà ní 1375 fi ọba náà hàn pẹ̀lú wúrà lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n àlejò ni gbogbo àwọn ẹlẹ́rìí wọ̀nyí. Ohun tí ó dé ọjà wọn ni wọ́n rí.

Àwọn jeli, tí í ṣe arọ́kin ilẹ̀ Mali, kò bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀. Lẹ́nu wọn, ìtàn Sunjata jẹ́ ti ọmọ tí kò lè rìn, ti ìyá rẹ̀ Sogolon, ti ìgbèkùn, ti oògùn, àti ti ogun Kirina ní nǹkan bí ọdún 1235. Ìbátan àti májẹ̀mú ni ìjọba dúró lé. Eré náà kò gbàgbé wọn pátápátá: ó pe ọmọ ogun rẹ̀ kan ní Donso, orúkọ tí àwọn Mande ń pe ọdẹ, ó sì kọ́ ilé kan fún àwọn jeli. Ṣùgbọ́n àǹfààní fún ìlú ni ilé náà ń mú wá. Ìtàn kò ti ibẹ̀ jáde.

Àgbálọgbábọ̀

Àwọn kan lè sọ pé eré kò lè ṣe kó má ka nǹkan. Òótọ́ ni. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà: ohun tí kò ṣeé kà, eré náà kò lè rò ó. Bí ẹnìkan bá gbé Ọ̀yọ́ Ilé kalẹ̀ ní ìlànà kan náà, ẹṣin àti odi ìlú yóò rọrùn láti kà. Ṣùgbọ́n agbára tí Ọ̀yọ́ Mèsì ní láti mú kí Aláàfin ṣí igbá wò, òkúta mélòó ni ìwọ̀n rẹ̀? Olùkọ́ tí ó bá fẹ́ fi irú eré yìí kọ́ ìtàn ní láti gbé ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn arọ́kin kalẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí akẹ́kọ̀ọ́ má baà rò pé ìjọba tí ó ní wúrà nìkan ló ní ìtàn.