Ọmọ Ogun Tí Wọ́n Pè Ní Ojo

Ìtàn tòní bẹ̀rẹ̀ ní òwúrọ̀ ọjọ́ 18 oṣù kẹwàá ọdún 1916, ní ilẹ̀ Faransé. Àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì yìnbọn pa ọ̀kan nínú ara wọn, Harry Farr, ọmọ ọdún 25. Kí ló ṣe? Wọ́n ní ojo ni, pé ó kọ̀ láti padà sójú ogun.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ohun tó ti ṣẹlẹ̀ ṣáájú. Lọ́dún 1915, Farr lo bí oṣù márùn-ún ní ọsibítù. Ara rẹ̀ ń gbọ̀n débi pé nọ́ọ̀sì ló ń bá a kọ lẹ́tà sí ìyàwó rẹ̀. Síbẹ̀, wọ́n dá a padà sójú ogun. Nígbà tí wọ́n gbé e dé ilé ẹjọ́ àwọn ológun, kò ní agbẹjọ́rò kankan.

Ọdún 1915 yẹn náà ni dókítà Charles Myers kọ̀wé nípa “shell shock” nínú ìwé àwọn oníṣègùn tó ń jẹ́ The Lancet. Wọ́n kọ́kọ́ rò pé bọ́ǹbù tó bú ló ń mi ọpọlọ. Nígbà tó yá, wọ́n rí i pé àwọn tí bọ́ǹbù ò bú nítòsí wọn náà kì í rí oorun sùn, àwọn míì ò tiẹ̀ lè sọ̀rọ̀ mọ́. Ohun tí ojú wọn rí ni ọkàn wọn ò lè gbé.

Lẹ́yìn ogun Vietnam, lọ́dún 1980, àwọn oníṣègùn ọpọlọ ní Amẹ́ríkà fún un lórúkọ tuntun: PTSD. Wọ́n gbà pé ìṣẹ̀lẹ̀ búburú ló fà á, kì í ṣe ìwà ojo. Kò sì mọ sórí ọmọ ogun nìkan: ìfipábánilòpọ̀, iná, jàǹbá ọkọ̀, gbogbo wọn lè fà á.

Ọdún 2006 ni ìjọba Bírítéènì ṣẹ̀ṣẹ̀ dárí ji ọmọ ogun 306 tí wọ́n yìnbọn pa bẹ́ẹ̀. Farr wà lára wọn. Ọmọ rẹ̀ obìnrin, tó jẹ́ ọmọdé nígbà tí wọ́n pa bàbá rẹ̀, ti di arúgbó kó tó gbọ́ ìròyìn náà.

Àwọn àgbà ní ẹni tí ejò bá ti bù ṣán rí, bó bá rí ekòló, á sá. Bí ọ̀rẹ́ rẹ bá yè nínú jàǹbá, tí ọkàn rẹ̀ ṣì ń já nígbà tí táyà bá dún, má sọ fún un pé kó ṣe bí ọkùnrin. Irú ọ̀rọ̀ yẹn ló pa Farr. Tó bá ti lé ní oṣù kan, tẹ̀ lé e lọ rí dókítà.

Ó dìgbà kan ná.