Ṣé ìbò nìkan ló ń sọ ìjọba di ti gbogbo èèyàn? Ohun tójú Yorùbá rí ní Kumasi

Ní èdè Haúsá, "sawaba" túmọ̀ sí ìtura tàbí òmìnira. Orúkọ yìí ni àdúgbò Sawaba ní Kumasi, lórílẹ̀-èdè Ghana, ń jẹ́.

Àmọ́ kò sí ìtura fún ọ̀pọ̀ Yorùbá tó ń ṣòwò ní Kumasi lọ́dún 1969. Lóṣù Kẹjọ ni àwọn ará Ghana dìbò gbé Kofi Busia wọlé, ọ̀mọ̀wé tó ti kọ̀wé lórí ìjọba àwaarawa ní Áfíríkà. Lọ́jọ́ 18, oṣù Kọkànlá, ìjọba rẹ̀ fún àwọn àjòjì tí kò ní ìwé ìgbélùú ní ọ̀sẹ̀ méjì péré láti kó jáde. Ọ̀pọ̀ ló fi ṣọ́ọ̀bù àti ilé sílẹ̀ padà sí Ògbómọ̀ṣọ́ àti Ọ̀fà.

Amẹ́ríkà náà kéde lọ́dún 1776 pé ọgbọọgba ni a dá èèyàn. Síbẹ̀, ọdún 1965 ni òfin tó dáàbò bo ẹ̀tọ́ ìdìbò àwọn aláwọ̀ dúdú tó jáde.

Nàìjíríà ńkọ́? Lọ́dún 1983, ìjọba Shehu Shagari, tí wọ́n dìbò yàn, lé àwọn ará Ghana.

Ìbò dára, àmọ́ ara ẹni tí kò lẹ́tọ̀ọ́ láti dìbò la ti ń mọ ìjọba tó jẹ́ ti gbogbo èèyàn.