Orúkọ Àdúgbò Wa, Gírámà Ni

Ẹ wo orúkọ àdúgbò wa: Ṣàngó tẹ̀dó. Olùwà rèé, ọ̀rọ̀-ìṣe rèé. Odidi gbólóhùn ni. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ ọmọ tó ń gbé inú ẹ̀sìtéètì níbí ò lè túmọ̀ ẹ̀.

Freetown ni wọ́n ti kọ́kọ́ sọ èdè wa di ẹ̀kọ́ inú ìwé, kì í ṣe Èkó. John Raban, míṣọ́nnárì òyìnbó, kó ọ̀rọ̀ jọ lẹ́nu àwọn Yorùbá tí wọ́n gbà lọ́wọ́ olówò ẹrú. Ìwé rẹ̀ jáde láàárín 1830 sí 1832. Àjàyí Crowther, tí wọ́n kó lẹ́rú ní Òṣóògùn ní 1821, kọ ìwé ìrántí ìrìn àjò orí odò Ọya ní 1841. Ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá tirẹ̀ tẹ̀ lé e ní 1843.

Ní Cornwall, èdè wọn ti kúrò lẹ́nu ará ilé kí Henry Jenner tó tẹ ìwé ẹ̀kọ́ rẹ̀ jáde ní 1904. Tiwa ṣì wà lẹ́nu ìyá ẹlẹ́fọ̀ọ́, ó kàn jẹ́ pé a kì í dá a lóhùn ni.

Ìwé ìrántí náà làwa àtàwọn ọmọ ń kọ báyìí, gbólóhùn kan lójúmọ́. Ní oṣù Okúdù, “òjò ń rọ̀.” Tí ọyẹ́ bá dé, “òjò ò rọ̀ mọ́.” “Omi ti wọlé” náà wà níbẹ̀. “Ti” yẹn ló ń dà wọ́n láàmú jù.