Ìpáàrà Inú Dánfó: Láti Hannover Dé Ìkọ̀tún

Bí ẹ bá ti wọ dánfó rí láti Ìkọ̀tún lọ sí Ẹ̀gbẹ́dá, tàbí láti Ìgàndò lọ sí Ìyànà Ìpájà, ẹ ó ti rí ọkọ̀ tí ìpáàrà ti jẹ ilẹ̀ rẹ̀ débi pé èrò ń wo títì lábẹ́ ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Dẹ́rẹ́bà la sábà máa ń bú. Ṣùgbọ́n ìpáàrà yẹn ní ìtàn, ọ̀pọ̀ ìgbà ni ìtàn náà sì ti bẹ̀rẹ̀ kí ọkọ̀ tó dé Èkó.

Ní ọdún 1947, oníṣòwò ará Netherlands kan, Ben Pon, ya àwòrán ọkọ̀ kan tó rí bí àpótí. Ní oṣù kẹta ọdún 1950, Volkswagen bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é ní Wolfsburg ní Jámánì. Ní 1956, wọ́n gbé iṣẹ́ náà lọ sí Hannover. Láti 1951 ni ilé iṣẹ́ Westfalia ti ń to ibùsùn àti tábìlì sínú rẹ̀, kí ìdílé lè gbé e lọ gbafẹ́. Ọkọ̀ tí òyìnbó ń sùn nínú rẹ̀ létí òkun, ìran rẹ̀ náà ló di dánfó wa.

Ní ìlú wọn, bí òtútù bá dé, wọ́n a da iyọ̀ sójú títì kí yìnyín lè yọ́. Omi oníyọ̀ yìí a wọ ibi tí wọ́n ti so páànù méjì pọ̀, a sì jókòó síbẹ̀. Omi àti afẹ́fẹ́ ló ń mú kí irin dógùn-ún. Iyọ̀ ló ń mú un yára. Ìpáàrà sì máa ń gba àyè ju irin tó jẹ lọ, ìdí nìyẹn tí ọ̀dà ara ọkọ̀ fi ń wú bí eéwo kó tó bẹ́.

Kí ló wá gbé irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ dé ọ̀dọ̀ wa? Ní 1975, Volkswagen ti ń to mọ́tò pọ̀ nílé iṣẹ́ rẹ̀ ní Ọ̀jọ́, ọkọ̀ ìjàpá sì wà lára wọn. Àmọ́ ní 1985, dọ́là kan kò tó náírà kan. Lẹ́yìn tí ìjọba Babangida gbé ètò SAP kalẹ̀ ní 1986, ó ti tó náírà mẹ́rin ní 1987. Ọkọ̀ tuntun wá ju agbára ọ̀pọ̀ èèyàn lọ. Tòkunbọ̀ ló kù. Ẹni tó ra tòkunbọ̀ lè ra iyọ̀ ọjọ́ pípẹ́ mọ́ ọn.

Ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ ọkọ̀ ẹrù tí kò ní fèrèsé lẹ́gbẹ̀ẹ́. Panẹ́bítà ló gé fèrèsé sí i, wẹ́dà ló jó àga mọ́ ilẹ̀ rẹ̀. Ojú ibi tí wọ́n gé, ìlòròó omi ni bí wọn kò bá kùn ún dáadáa. Iná wẹ́dà náà a sì jó ọ̀dà ẹ̀yìn páànù, níbi tí ojú kò tó. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á fi fílà dí ihò, wọ́n á kun ọ̀dà yẹ́lò, wọ́n á fa ìlà dúdú sí i. Ó dán lóde, ó ń jẹ nínú. Bí òjò bá wá dé ní Alímọ̀ṣọ́, tí ẹrẹ̀ lẹ̀ mọ́ abẹ́ ọkọ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, irin kò ní gbẹ mọ́.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀mí lèyí. Àga tí ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ ti jẹ lè fò yọ bí ọkọ̀ bá forí gbá nǹkan. Èéfín sàlẹ́ńsà náà lè gba ihò wọlé, èyí tó léwu jù nínú rẹ̀ kò sì ní òórùn.

Ní 2017, Gómìnà Akinwunmi Ambode sọ pé òun fẹ́ kó dánfó kúrò lójú títì Èkó. Dánfó ṣì ń ná Ìkọ̀tún títí dòní, nítorí owó tó gbé tòkunbọ̀ dé kò tíì yí padà. Nítorí náà, ẹ̀yin ọlọ́kọ̀, ẹ fọ ẹrẹ̀ abẹ́ ọkọ̀ kúrò, ẹ má jẹ́ kí ihò tí omi ń gbà jáde lẹ́sẹ̀ ilẹ̀kùn dí, kí ẹ sì ní kí wẹ́dà kun ẹ̀yìn ibi tó bá jó. Ẹ̀yin èrò, ẹ wo ilẹ̀ kí ẹ tó jókòó.